Omi mélòó ni ọ̀pá omi ń gbà?

Ọ̀rọ̀ tí a sọ fún àwọn àgbà tó ń kọ́ ìwé àti fún ìgbìmọ̀ omi

   

Ohun mẹ́ta ni à ń wá ní ilé ẹ̀kọ́ àgbà: kíkà, kíkọ àti ìṣirò. Ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Ṣùgbọ́n mo rí i pé ọ̀pọ̀ nínú wa fẹ́ràn kíkà, a sì fẹ́ràn kí á fi ọwọ́ ara wa kọ orúkọ wa. Tó bá kan ìṣirò, a ó ní: "Ti àwọn ọmọ kékeré nìyẹn." Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí yóò fi hàn pé ti àgbà ni. Ó lè gba ènìyàn lọ́wọ́ ẹ̀sùn. Ó sì lè gba abúlé lọ́wọ́ àìsàn.

Ọ̀rọ̀ náà ni ti ọ̀pá omi, èyí tí wọ́n rì mọ́lẹ̀, tó ń gbé omi láti orí àgbá gíga wá sí ibi tí a ti ń pọn ún. A mọ̀ pé omi wà nínú rẹ̀. Mélòó ni omi náà? Ta ló lè sọ ọ́ láìwú ọ̀pá náà jáde?

Ẹ jẹ́ kí á fi àpẹẹrẹ kan sọ ọ̀rọ̀ náà. Abúlé tí mo fẹ́ sọ yìí kò ní orúkọ. Ẹ lè fi sí apá Kétu, ẹ lè fi sí apá Ṣábẹ̀, ẹ lè fi sí ẹ̀yìn odò Àjàṣẹ́. Irú ọ̀rọ̀ yìí lè bẹ́ níbi gbogbo tí omi bá ti di ohun àjọni.

Ní abúlé náà, ibi ìpọnmi méjì ló wà. Ọ̀pá kan lọ sí òkè ọjà. Ìbú inú ẹnu rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 5, gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 400. Ọ̀pá kejì lọ sí ìsàlẹ̀ abúlé. Gígùn rẹ̀ náà jẹ́ mítà 400, ṣùgbọ́n ìbú inú ẹnu rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10. Obìnrin kan ló ń tọ́jú ibi ìpọnmi ìsàlẹ̀. Ìyá Olómi ni gbogbo ayé ń pè é. Bídọ̀n lítà 25 ni wọ́n ń pọn, fráǹkì 10 sì ni wọ́n ń san lórí bídọ̀n kan. Ẹ̀rọ tí ń ka omi wà lẹ́nu ibẹ̀. Omi tó bá jáde, ẹ̀rọ náà á kà á, ì báà ṣe èyí tí a tà, ì báà ṣe èyí tí a dà nù.

Ní oṣù kan, ọ̀pá ìsàlẹ̀ bẹ́ nígbà mẹ́ta. Nígbà kọ̀ọ̀kan, oníṣẹ́ omi wá tún un ṣe. Ẹrẹ̀ sì wọ inú ọ̀pá. Ìyá Olómi ṣí ẹnu ẹ̀rọ, ó jẹ́ kí gbogbo omi ẹlẹ́rẹ̀ tó wà nínú ọ̀pá jáde tán, títí omi fi mọ́ gaara. Ó ṣe ohun tó yẹ. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí ń ka omi kò mọ omi ẹrẹ̀ yàtọ̀ sí omi títà. Ó kà á.

Oṣù parí. Ìgbìmọ̀ jókòó. Ìyá Olómi kó owó kalẹ̀: fráǹkì 20 000. Èyí jẹ́ owó bídọ̀n 2 000, ìyẹn lítà 50 000. Akọ̀wé wo ẹ̀rọ: lítà 59 500 ló jáde. Lítà 9 500 kò ní owó.

Akọ̀wé ní: "Ìyá, ẹ má bínú o. Omi tó jáde pọ̀ ju owó tí ẹ mú wá lọ."

Ìyá Olómi ní: "Ọmọ mi, omi ẹlẹ́rẹ̀ tí mo dà nù ńkọ́? Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọ̀pá bẹ́."

Akọ̀wé ní: "Òótọ́ ni, Ìyá. A ó yọ ìyẹn kúrò. Oníṣẹ́ omi ti sọ fún wa pé ọ̀pá òkè ọjà ń gba lítà 785. Ìbú ọ̀pá tiyín jẹ́ ìlọ́po méjì. Nítorí náà, ó ń gba 785 lọ́nà 2, ìyẹn lítà 1 570. Ẹ̀ẹ̀mẹta jẹ́ lítà 4 710. Tí a bá yọ ọ́ kúrò nínú 9 500, ó ku lítà 4 790. Ìyẹn ju bídọ̀n 191 lọ. Fráǹkì 1 910 ló kù lọ́rùn yín."

Gbogbo ilé dákẹ́. Ẹ̀yin ará, fráǹkì 1 910 kò tó ohun tó ń ba ilé jẹ́. Ṣùgbọ́n kí wọ́n pe ènìyàn ní olè ní ojú ọmọ rẹ̀ àti ní ojú ìyàwó ọmọ rẹ̀, èyí tóbi. Orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ. Ìyá Olómi mọ̀ pé òun kò jalè, ṣùgbọ́n kò mọ ọ̀nà tí yóò fi wí i. Akọ̀wé pẹ̀lú kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó ṣe ìṣirò rẹ̀ ní gbangba, ohun tó rò pé ó tọ́ ló sì sọ. Ibo wá ni àṣìṣe wà?

Bàbá àgbẹ̀ kan dìde. Ọdún kejì rẹ̀ nìyẹn ní ilé ẹ̀kọ́ àgbà. Ó ní: "Akọ̀wé, mo fẹ́ bi yín ní ìbéèrè oko. Tí mo bá kọ ebè 5 sí ìbú, tí mo kọ 5 sí òòró, ebè mélòó ni?"

Akọ̀wé ní: "5 lọ́nà 5, ebè 25 ni, Bàbá."

"Tí mo bá sọ oko náà di ìlọ́po méjì, 10 sí ìbú, 10 sí òòró ńkọ́?"

"10 lọ́nà 10, ebè 100 ni."

"Ṣé 100 jẹ́ ìlọ́po méjì 25?"

Akọ̀wé dákẹ́ díẹ̀. Ó ní: "Rárá, Bàbá. Ìlọ́po mẹ́rin ni."

Bàbá ní: "Ẹnu ọ̀pá náà rí bẹ́ẹ̀. Tó bá fẹ̀ sí ọ̀tún, ó fẹ̀ sí òkè pẹ̀lú. Ọ̀nà méjì ló gbà fẹ̀, ẹyọ kan ṣoṣo ni ẹ kà."

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ tí mo wá sọ nìyẹn. Tí ìbú ọ̀pá bá di ìlọ́po méjì, omi inú rẹ̀ kì í di ìlọ́po méjì. Ó di ìlọ́po mẹ́rin. Tí ìbú bá di ìlọ́po mẹ́ta, omi di ìlọ́po mẹ́sàn-án, nítorí 3 lọ́nà 3 jẹ́ 9. Gígùn nìkan ni kò ní wàhálà: tí ọ̀pá bá gùn ní ìlọ́po méjì, omi rẹ̀ di ìlọ́po méjì.

Àwọn kan nínú ìpàdé náà kò gbà. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ lásán ni. Ohun tí Bàbá ṣe nìyí, ẹ̀yin náà sì lè ṣe é nílé. Ó mú àfọ́kù ọ̀pá tí oníṣẹ́ omi fi sílẹ̀. Ó gé mítà 1 nínú ọ̀pá kékeré, ó gé mítà 1 nínú ọ̀pá ńlá. Ó fi ọ̀rá àti okùn dí ìdí wọn dáadáa, ó gbé wọn nàró, ó rọ omi kún wọn dé ẹnu. Lẹ́yìn náà, ó da omi náà sínú òṣùwọ̀n lítà 1. Ọ̀pá kékeré: ó kù díẹ̀ kí ó pé òṣùwọ̀n 2. Ọ̀pá ńlá: ó kù díẹ̀ kí ó pé òṣùwọ̀n 8. Àwọn ọmọdé ń kà á sókè. Kò sí ẹni tó tún jiyàn.

Nísinsin yìí, ẹ jẹ́ kí á kọ́ ìṣirò náà fúnra wa, kí á má baà máa gé ọ̀pá ní gbogbo ìgbà.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí lítà 1 jẹ́. Tí a bá kan àpótí kékeré kan, tí inú rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10 ní ìbú, 10 ní òòró, 10 ní gíga, omi tó kún un jẹ́ lítà 1 gẹ́lẹ́. Tí a bá to irú àpótí yìí 10 tẹ̀lé ara wọn, gígùn wọn jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 100, ìyẹn mítà 1. Omi wọn jẹ́ lítà 10. Nítorí náà, tí ọ̀pá omi bá ní igun mẹ́rin bí àpótí, tí ìbú rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10, mítà kọ̀ọ̀kan rẹ̀ yóò gba lítà 10.

Ṣùgbọ́n ọ̀pá omi wa kò ní igun. Ó rí roboto bí ẹnu igbá. Tí a bá ki ọ̀pá roboto bọ inú ọ̀pá onígun mẹ́rin tí ìbú wọn dọ́gba, àyè díẹ̀ yóò kù ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Omi tó yẹ kó wà ní igun wọ̀nyí kò sí nínú ọ̀pá roboto. Nítorí náà, ọ̀pá roboto ń gba omi tó dín díẹ̀.

Báwo ni ó ṣe dín tó? Ẹ ya onígun mẹ́rin dọ́gba sórí pálí. Ẹ ya àmì roboto sínú rẹ̀, kó kan ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ tẹ́ ẹ̀wà kún gbogbo onígun mẹ́rin náà, kí ẹ̀wà má gun orí ara wọn. Ẹ wá ka ẹ̀wà tó wà nínú roboto. Nínú ẹ̀wà 100, bíi 78 tàbí 79 ni yóò wà nínú roboto, ìyókù yóò wà ní igun. Àwọn onímọ̀ ìṣirò ti wọ̀n ọ́n dáadáa: nínú ìpín 1 000, roboto gba 785. Bí ó ṣe rí lára ìkòkò ni ó rí lára kànga, bẹ́ẹ̀ ni ó rí lára ọ̀pá. Nọ́ńbà 785 yìí kì í yí padà. Ẹ kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ìwé yín.

Ọ̀nà ìṣirò náà nìyí. Ìgbésẹ̀ mẹ́ta ni.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Wọn ìbú inú ẹnu ọ̀pá ní sẹ̀ǹtímítà, láti etí kan gba àárín lọ sí etí kejì. Fi nọ́ńbà náà lọ́nà ara rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: Wọn gígùn ọ̀pá ní mítà. Fi í lọ́nà ohun tí o rí.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Fi 785 lọ́nà rẹ̀. Lẹ́yìn náà, pín in sí ọ̀nà 10 000. Ohun tí o rí ni iye lítà omi.

Ẹ jẹ́ kí á dán an wò lórí ọ̀pá òkè ọjà.
5 lọ́nà 5 jẹ́ 25.
25 lọ́nà 400 jẹ́ 10 000.
10 000 lọ́nà 785, kí á pín in sí ọ̀nà 10 000, jẹ́ 785.
Lítà 785 ni. Oníṣẹ́ omi kò purọ́.

Ó kan ọ̀pá ìsàlẹ̀.
10 lọ́nà 10 jẹ́ 100.
100 lọ́nà 400 jẹ́ 40 000.
40 000 lọ́nà 785, kí á pín in sí ọ̀nà 10 000, jẹ́ 3 140.
Lítà 3 140 ni. Kì í ṣe 1 570.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọ̀pá náà bẹ́. 3 140 lọ́nà 3 jẹ́ lítà 9 420. Omi tí kò ní owó jẹ́ lítà 9 500. Tí a bá yọ 9 420 kúrò, ó ku lítà 80. Kò pé bídọ̀n 4. Ìyẹn ni omi tí Ìyá Olómi fi ń fọ ojú ibi ìpọnmi lẹ́yìn tí ẹrẹ̀ bá jáde tán. Ọ̀rọ̀ parí.

Akọ̀wé dìde, ó dọ̀bálẹ̀ fún Ìyá Olómi. Ó ní: "Ìyá, ẹ forí jì mí. Èmi ni mo ṣi kà." Ìyá Olómi ní: "Dìde, ọmọ mi. Ìwé rẹ ló ṣì, ìwọ kọ́." Láti ọjọ́ náà, wọ́n ṣe òfin: nígbàkígbà tí ọ̀pá bá bẹ́, a ó kọ ọjọ́ rẹ̀ sínú ìwé, a ó kọ nọ́ńbà tó wà lójú ẹ̀rọ kí a tó da omi ẹlẹ́rẹ̀ nù, a ó sì kọ èyí tó wà níbẹ̀ lẹ́yìn tí a dà á tán. Ènìyàn méjì ni yóò fi ọwọ́ sí i. Obìnrin kan yóò wà nínú wọn.

Ẹ̀yin ará, mo sọ pé ìṣirò yìí lè gba abúlé lọ́wọ́ àìsàn pẹ̀lú. Ẹ gbọ́ bí ó ṣe rí. Nígbà tí ọ̀pá bá bẹ́, kì í ṣe ẹrẹ̀ nìkan ló ń wọlé. Ìdọ̀tí ilẹ̀ lè wọlé, èyí tó lè mú ìgbẹ́ gbuuru tàbí onígbáméjì wá. Nítorí náà ni oníṣẹ́ omi fi máa ń fi oògùn apakòkòrò sínú ọ̀pá, tí yóò jẹ́ kí ó wà níbẹ̀ fún ọjọ́ kan, kí wọ́n tó dà á nù. Iye omi tó wà nínú ọ̀pá ni wọ́n fi ń wọn oògùn náà. Ẹ jẹ́ kí á sọ pé oníṣẹ́ omi ní gíráàmù 40 ni ká fi sí lítà 1 000. Ọ̀pá ìsàlẹ̀ wa, lítà 3 140, yóò gba nǹkan bíi gíráàmù 126. Ẹni tó bá rò pé lítà 1 570 ló wà níbẹ̀ yóò fi gíráàmù 63 sí i. Ìdajì oògùn ni. Ènìyàn rò pé òun ti pa kòkòrò, kòkòrò wà láàyè nínú ọ̀pá. Oníṣẹ́ omi tó mọ oògùn ló gbọ́dọ̀ ṣe iṣẹ́ yìí, kì í ṣe gbogbo ènìyàn. Ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ mu omi olóògùn náà. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí ìgbìmọ̀ mọ ìṣirò rẹ̀, kí wọ́n lè bi í pé: "Lítà mélòó ni ẹ kà?"

Ohun kan tún wà tí ẹ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún. Àwọn ọ̀pá oníke tí wọ́n ń tà máa ń ní nọ́ńbà lára. Ẹ lè rí 63 lára ọ̀kan. Mílímítà 63 ni, ṣùgbọ́n ìbú ẹ̀yìn ọ̀pá ni wọ́n wọ̀n, kì í ṣe ìbú inú. Omi kì í gba ẹ̀yìn ọ̀pá kọjá. Tí ara ọ̀pá náà bá nípọn tó mílímítà 3, ẹ yọ 3 ní ọ̀tún, ẹ yọ 3 ní òsì. Ó ku mílímítà 57, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 5,7. Ní mítà 400, ẹni tó bá fi 63 ṣe ìṣirò yóò rí lítà 1 246. Ẹni tó bá fi 57 ṣe é yóò rí lítà 1 020. Lítà 226 tó wà láàárín wọn kò sí níbì kankan, àfi nínú ìwé. Ẹ máa wọn inú.

Ẹ má rò pé ọ̀pá omi nìkan ni ìṣirò yìí wà fún. Kànga roboto náà ọ̀pá ni, ọ̀pá tó dúró nàró. Tí ìbú inú kànga bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 100, tí omi inú rẹ̀ sì ga tó mítà 3, ẹ ṣe é bí a ti ṣe:
100 lọ́nà 100 jẹ́ 10 000.
10 000 lọ́nà 3 jẹ́ 30 000.
30 000 lọ́nà 785, kí á pín in sí ọ̀nà 10 000, jẹ́ 2 355.
Lítà 2 355 ni omi tó wà nínú kànga náà. Ẹ fi okùn tí a so òkúta mọ́ wọn gíga omi. Ibi tó bá tutù lára okùn ni ẹ ó wọ̀n.

Kí á tó túká, mo fi iṣẹ́ méjì sílẹ̀ fún yín. Ẹ ṣe é nílé, ẹ ṣe é pẹ̀lú àwọn ọmọ yín.

Iṣẹ́ kìíní: Ọ̀pá rọ́bà kan tí a fi ń bomi rin ọgbà ní ìbú inú sẹ̀ǹtímítà 2. Gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 50. Lítà mélòó ló ń gbà?

Iṣẹ́ kejì: Ẹ̀gbọ́n kan ní ọ̀pá tí ìbú inú rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 4. Àbúrò rẹ̀ ní ọ̀pá méjì tí ìbú inú ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 2. Gígùn gbogbo wọn dọ́gba. Àbúrò ní: "Tèmi méjèèjì pọ̀ tó tìẹ." Ṣé òótọ́ ló sọ?

Ìdáhùn: Iṣẹ́ kìíní, lítà 15,7. Iṣẹ́ kejì, kì í ṣe òótọ́: ọ̀pá kékeré mẹ́rin ló tó ọ̀pá ẹ̀gbọ́n kan.

Ẹ̀yin ará, omi àjọni nílò ìwé àjọni. Tí ènìyàn kan ṣoṣo bá mọ ìṣirò ní abúlé, ohun tó bá sọ ni abẹ gé, ì báà tọ́, ì báà ṣì. Tí gbogbo wa bá mọ̀ ọ́n, olè kò ní rí ibi sá pamọ́ sí, olóòótọ́ kò sì ní jìyà. Bàbá àgbẹ̀ náà kò kàwé púpọ̀. Ebè oko rẹ̀ ló fi kọ́ akọ̀wé. Ọgbọ́n wà nínú iṣẹ́ ọwọ́ wa. Ìwé ló ń bá wa mú un jáde.

Ẹ padà sí kíláàsì lọ́la o. Ẹ mú okùn ìwọ̀n yín dání.